Ogójì Sípóòkù

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Delmar Kucera jẹ́, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu láti wo ojú rẹ̀. Irùngbọ̀n ti bo ìdajì, fìlà tí kì í ṣí lórí sì ti bo ìyókù. Rímù alùpùpù rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ọdún méjìlélógún ló fi gun alùpùpù dúdú gàgàrà yẹn káàkiri Nebraska, kò sì sí Sátidé kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí kò ní jókòó sórí àpótí mílíìkì nínú gáráàjì, tí kò ní fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín nu sípóòkù rẹ̀, àwọn wáyà irin tó na láti àárín rímù dé etí rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ogójì ló wà nínú rímù iwájú, ogójì ló wà nínú ti ẹ̀yìn. Arlys ìyàwó rẹ̀ á jókòó sí òdì kejì pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, wọn á sì máa tàkúrọ̀sọ láàárín àwọn wáyà irin náà bí ẹni tó wà lójú fèrèsé.

Ìyẹn tẹ́lẹ̀ o. Ó ń lọ sí ọdún méjì báyìí tí alùpùpù náà ti wà lábẹ́ tapólì láìní rímù ẹ̀yìn, Arlys kì í sì í wọ gáráàjì mọ́ àfi tó bá fẹ́ mú ọkọ́ jáde.

Àṣà kan wà ní agbègbè odò Loup níbi tí wọ́n ń gbé. Nígbà tí yìnyín bá yọ́ tán, kò sí àgbà oní-alùpùpù tó máa gbé e bọ́ sójú títì láìjẹ́ pé ó fi sípánà kékeré lu sípóòkù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá le dáadáa á dún gbín, bí ìgbà tí síbí bá kan ife gíláàsì. Èyí tó bá ti tú á ní kọ́, kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ni wọn á sì yí le. Bàbá Delmar ló kọ́ ọ, òun náà sì ti kọ́ ìdajì àwọn tó ń gun alùpùpù nílùú. Ó máa ń sọ fún wọn pé kò sí ẹ̀rọ tó lè sọ ohun tí etí máa sọ.

Etí wo? Ọdún méjìdínlógójì ni Delmar fi ṣiṣẹ́ nílé ìkó-ọkà-sí, níbi tí ẹ̀rọ ti ń han láti àárọ̀ dalẹ́. Tó bá sì ṣíwọ́, orí alùpùpù tó ti yọ ìfun inú sáláńsà rẹ̀ dànù ló ń bọ́ sí, nítorí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà pé alùpùpù tí kò bá pariwo, ọmọ ọwọ́ ló ni ín. Ta ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ogójì ọdún tí etí rẹ̀ kò ní bínú lọ? Kó tó pé ọgọ́ta ọdún ló ti ń fi "Ẹn-ẹn" dáhùn ohun tí kò gbọ́. Arlys sọ fún un lọ́jọ́ kan pé ajá ti bì sórí rọ́ọ̀gì, ó ní, "O ṣeun, mo ti yó." Gbogbo ìlú ló mọ̀. Delmar nìkan ló rò pé àṣírí ni.

Nígbà tí yìnyín yọ́ lọ́dún tí rímù ẹ̀yìn náà bàjẹ́, ó lu ogójì sípóòkù ẹ̀yìn, gbogbo wọn sì dún bákan náà létí rẹ̀, nítorí kò gbọ́ ìkankan nínú wọn. Arlys ò sí nílé. Ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń tẹ dùùrù. Nígbà tó dé, ó béèrè pé, "Ṣé ó dáa?" Delmar ní, "Ó dáa."

Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹfà, àlùfáà á wọ́n omi mímọ́ sí gbogbo alùpùpù tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọn á sì jọ gùn ún lọ sí etí adágún láti jẹ páńkéèkì. Ìgbà tí wọ́n ń padà bọ̀ lọ́dún yẹn ni sípóòkù kan já nínú rímù ẹ̀yìn Delmar. Ó gún túùbù, afẹ́fẹ́ tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí í jù síhìn-ín jù sọ́hùn-ún, ó sì da àwọn méjèèjì sí kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Awọ ara Delmar bó díẹ̀, ó parí. Eegun èjìká Arlys ṣẹ́. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ náà ṣẹ́, ọwọ́ tó ti fi ń tẹ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì láti ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Odindi oṣù mẹ́jọ ni ẹlòmíràn fi tẹ̀ ẹ́, tí ìjọ sì ń kọrin bí ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ gun òkè.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé alùpùpù náà délé, Delmar tú táyà. Ó rí sípóòkù tó já. Ó di mẹ́ta mìíràn mú, wọ́n ń mì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà. Irú ìyẹn kì í ṣe ohun ọjọ́ kan. Láti ìgbà tó ti lù wọ́n ni wọ́n ti ń sọ fún un. Ó ju sípóòkù náà sínú agolo kọfí, ó fi agolo pamọ́ sẹ́yìn àwọn ọ̀dà. Nígbà tí Arlys béèrè ohun tó fọ́ táyà, ó ní, "Ìṣó ni." Bẹ́ẹ̀ ló sọ fún gbogbo ìlú, ó sì sọ ọ́ títí òun fúnra rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí ìṣó náà.

Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ojú ló tì í. Ọkùnrin tó kọ́ gbogbo ìlú bí a ti ń gbọ́ sípóòkù, báwo ni yóò ṣe sọ pé òun kò gbọ́?

Ohun kan ṣoṣo ló ń wù ú láyé báyìí: kí Arlys tún jókòó sẹ́yìn òun ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ oṣù kẹfà. Lọ́dún tó kọjá, inú mọ́tò ni àwọn méjèèjì fi tẹ̀ lé àwọn ẹgbẹ́ wọn bí ẹni tó ń sin òkú lọ. Delmar ti pé ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin, orúnkún rẹ̀ kò sì ní gbà á ní ọ̀pọ̀ ọdún mọ́. Arlys kò bá a jà, kò bú u. Ohun tó kàn sọ ni pé, "Tún un ṣe bó o bá fẹ́, ṣùgbọ́n má ka èmi mọ́ ọn." Delmar sì fi inú ro ó pé ìyàwó òun kò fọkàn tán òun mọ́.

Ó wá gbèrò. Rímù álọ́ì ni yóò rà. Odidi irin ni, kò ní sípóòkù, kò lo túùbù, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa lù tàbí tí yóò gbọ́. Ọkàn Arlys á balẹ̀, irọ́ á sì máa sùn síbi tó sùn sí.

Ní oṣù kẹrin ló lọ bá Tess Brandvold. Yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, kò sí ṣọ́ọ̀bù rímù àti táyà alùpùpù mìíràn láàárín ogójì máìlì. Delmar ló kọ́ Tess ní sípóòkù nígbà tó wà ní ọmọ ogún ọdún, Arlys ló sì kọ́ ọ ní dùùrù nígbà tó wà ní kékeré, nítorí náà "ọ̀gá" ló ń pe ọkọ, "tíṣà" ló ń pe ìyàwó. Rollie Pesek, tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò níṣẹ́ méjì ju pé kó máa mu kọfí ọ̀fẹ́ níbẹ̀, ti jókòó sórí táyà àlòkù.

"Ọ̀gá, ẹ káàbọ̀ o!" Tess gbé ohùn sókè, bí gbogbo ènìyàn ti ń ṣe fún Delmar. "Mo ti yọ rímù onísípóòkù kan sílẹ̀ fún yín, tẹ́ ẹ bá rí i—"

"Álọ́ì ni mo fẹ́."

Kọfí fẹ́rẹ̀ẹ́ gba imú Rollie jáde. "Kí lo wí? Ìwọ Delmar? Ṣé kì í ṣe ìwọ lo sọ níṣojú ìyàwó mi pé rímù álọ́ì, ti ọ̀lẹ ni?"

"Ènìyàn máa ń yí padà."

"Ènìyàn ni. Ìwọ kọ́."

"Rollie, ìwọ tó o ki táyà tó fẹ̀ bíi tìmùtìmù sẹ́yìn tìẹ, tó jẹ́ pé tó o bá dé kọ́nà àfi kó o kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́, ìwọ lò ń gbà mí nímọ̀ràn rímù?"

"Ṣé kò rẹwà ni?"

"Ó rẹwà. Àmọ́ ọ̀nà tààrà nìkan ló mọ̀."

Tess rẹ́rìn-ín, ó gbé ìwé àwòrán rímù sórí tábìlì. Ó bi í bóyá dúdú ló fẹ́ tàbí èyí tó ń dán, ó bi í bí táyà ṣe máa fẹ̀ tó, ó bi í bóyá kí ẹ̀gbẹ́ táyà ní funfun. Delmar dáhùn gbogbo rẹ̀ wéré. Tess wá gbé bírò sókè.

"Ẹnì kan ni àbí ẹni méjì?"

"Kí ló kan táyà níbẹ̀?"

"Ẹrù tó máa gbé ni, ọ̀gá. Táyà tó máa gbé ẹ̀yin nìkan kọ́ ló máa gbé ẹ̀yin àti tíṣà. Àwọn tó ń yan táyà nítorí ẹwà, tí wọ́n á wá gbé aya wọn sẹ́yìn, èmi ò ní fi ọwọ́ ara mi wọ irú ẹ̀ fún yín."

Delmar gbọ́ ìyẹn kedere. Ọ̀rọ̀ tí a kò fẹ́ gbọ́ kì í sábà ṣòro gbọ́. Ó wo ilẹ̀, ó wo ìwé.

"Màá mú Arlys wá ní Sátidé," ló wí.

Arlys tẹ̀ lé e ní Sátidé nítorí pé ó fẹ́ ra ọ̀dùnkún gbígbìn nílùú. Obìnrin kúkurú tí irun rẹ̀ funfun ni, tó máa ń fi ọwọ́ òsì tẹ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún bí ojú ọjọ́ bá fẹ́ yí padà. Ó kọjá lára àwọn álọ́ì tí Tess tò sílẹ̀ láì wò wọ́n. Ibi tí rímù onísípóòkù kan gbé kọ́ sára ògiri ló lọ, ó sì fi èékánná ta ọ̀kan. Gbín.

"Tíṣà, ìyẹn ò lo túùbù," Tess wí. "Wọ́n ti fi rọ́bà dí ìdí sípóòkù rẹ̀ láti inú. Táyà fúnra ẹ̀ ló ń di afẹ́fẹ́ mú."

"Ó dáa púpọ̀." Arlys yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Kí ló dé tó ò fi mú èyí?"

"Álọ́ì ò ní wàhálà," Delmar wí.

"Ta ló bẹ̀ ẹ́ pé kó máà ní wàhálà? Ṣebí wàhálà yẹn náà ni Sátidé wa."

Delmar yíjú sí àwọn álọ́ì. Tess, tó rò pé òun ń gbà á sílẹ̀, yára béèrè pé, "Tíṣà, ẹnì kan ni àbí ẹni méjì?"

"Ẹnì kan," Arlys wí.

Ó dun Delmar dé egungun. Kò tilẹ̀ rántí pé Rollie wà níjòókòó. "Arlys, ṣé ẹ̀rù mi ló ń bà ẹ́?"

Arlys sọ nǹkan, ó rọra sọ ọ́, ó sì ń wo rímù ara ògiri bó ti ń sọ ọ́.

"Kí lo wí?"

Ó tún un sọ. Delmar sún mọ́ ọn, ó ń wá ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. "Mi ò gbọ́, jọ̀ọ́."

"Mo ní èmi ni mo gbé wa ṣubú!" Arlys pariwo rẹ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì gbọ́. "Ìṣó kàn fọ́ táyà ni. O ò bá dì í mú. Ṣebí táyà fọ́ lọ́dún tá a lọ Wyoming, o sì dì í mú? Ẹ̀rù ló bà mí, mo wá ju ara mi sápá òsì. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ lo ti kọ́ mi pé kí n má mira, kí n máa wo orí èjìká ẹ. Mo mira, Delmar. Mo sì rí i bí alùpùpù ṣe tẹ̀ lé mi lọ. Mi ò lè jókòó sẹ́yìn ẹ mọ́ kí n má lọ pa ẹ́."

Ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀ fún Delmar báyìí. Ó lè ní, "Mo ti dárí jì ẹ́." Arlys á sunkún, wọn á ra álọ́ì, wọn á gbé ọ̀dùnkún wọn lọlé, òun á sì di ọkọ rere lójú gbogbo ènìyàn. Àwọn ọkùnrin tó máa ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀, mo mọ̀ wọ́n, ẹ̀yin náà sì mọ tiyín. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ti Delmar kò tilẹ̀ tíì pé méjì. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ẹni tó ti ń ru ẹrù òun kiri láìmọ̀, ó sì rí i pé òun kò lè fi ìyẹn kún un.

Ó ṣí fìlà.

"Kì í ṣe ìṣó," ló wí. "Sípóòkù ló já. Mẹ́ta mìíràn ti tú. Mo lù wọ́n, Arlys, mi ò gbọ́ wọn. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí mi ò ti gbọ́ ìkankan. Mo kàn ń ṣe bí ẹni tó ń gbọ́ ni. Kò sẹ́ni tó lè di irú alùpùpù yẹn mú. Kó o jókòó bí òkúta, inú kòtò yẹn náà la máa wà."

Rollie rọra gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀. 

"O mọ̀ láti ìgbà wo?" Arlys bi í.

"Láti ọjọ́ tí wọ́n gbé e délé."

"Ọdún méjì." Ó fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú. "Mi ò sùn, Delmar. Ò ń rí mi tí mi ò sùn. O ní ọrùn ọwọ́ ló ń dùn mí."

Ó jáde lọ sínú mọ́tò, ó jókòó síwájú, ó gbé àpò ọ̀dùnkún lé ẹsẹ̀. Ó ń wo ìta láti ojú fèrèsé títí wọ́n fi délé. Delmar gba gáráàjì lọ, ó mú agolo kọfí wá, ó sì gbé sípóòkù tó já sórí tábìlì ilé ìdáná. Arlys wò ó títí. Ó mú un, ó fi í sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó sì lọ ti ìlẹ̀kùn yàrá mọ́rí.

Arlys kì í pariwo tó bá ń bínú. Dùùrù ló ń bá a pariwo. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi tẹ dùùrù ilé wọn. Delmar á jókòó sí ilé ìdáná, kò gbọ́ orin kankan, ṣùgbọ́n ó ń rí i bí kọfí ti ń gbọ̀n nínú ife rẹ̀. Ó fọ abọ́, ó gbin ọ̀dùnkún, ó bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹta, Arlys ní, "Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, wàá lọ sọ́dọ̀ dókítà etí."

"Màá lọ."

"Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o."

"Mo mọ̀."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, Tess wa mọ́tò akẹ́rù rẹ̀ wọ àgbàlá wọn. Rímù onísípóòkù méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ti wọ táyà sí wọn, táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ funfun báláú, irú èyí tí Arlys fẹ́ràn láti ìgbà tó ti jẹ́ wúńdíá.

"Ta ló ní kó o kó wọn wá?" Delmar bi í.

"Tíṣà ni. Àwọn nìkan ni wọ́n wá yàn án. Gbogbo sípóòkù tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fi èékánná ta lọ́kọ̀ọ̀kan, Rollie ní orí ti fẹ́ fọ́ òun."

"Ẹni mélòó ló ní kí táyà gbé?"

"Ọ̀gá, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi láti máa ka ara táyà."

Delmar kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ó fọwọ́ wá nọ́ńbà ẹrù lára táyà ẹ̀yìn. Ó kà á. Ó tún un kà. Ẹni méjì ni. Nígbà tó gbójú sókè, Arlys ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ mọ́yà.

"Táyà ni mo rà," Arlys ké sí i. "Mi ò tíì ṣèlérí kankan."

Wọ́n so rímù náà mọ́ alùpùpù. Delmar nìkan gùn ún káàkiri oko fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí sípóòkù tuntun máa ń tú díẹ̀ kó tó fìdí múlẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú Sọ́ńdè àkọ́kọ́ oṣù kẹfà, ó bá Arlys nínú gáráàjì. Ó ti gbé àpótí mílíìkì méjèèjì kalẹ̀, sípánà kékeré sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Jókòó," ló wí. "Máa yí i."

Delmar jókòó, ó ń yí rímù ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀. Arlys ń lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bó ti máa ń ṣe tó bá ń wá ohùn dùùrù. Ẹ̀rọ etí tí dókítà kọ fún Delmar kò tíì dé. Kò gbọ́ nǹkan kan, ojú Arlys ló ń wò. Ní ìkẹtàlélógún, iwájú orí rẹ̀ kákò.

"Èyí."

Delmar yí i le díẹ̀. Arlys tún un lù, ó mi orí. Delmar tún yí i. Iwájú orí náà tẹ́jú. Wọ́n ń lọ bẹ́ẹ̀, láìsọ̀rọ̀, títí wọ́n fi dé ogójì. Arlys lu èyí tó kẹ́yìn, ó sì gbójú sókè sí i láti àárín àwọn sípóòkù.

"Ṣé o gbọ́ ìyẹn?"

"Ẹn-ẹn" ti dé ètè Delmar, bí ó ti máa ń dé láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ó gbé e mì.

"Rárá," ló wí. "Mi ò gbọ́."

 Arlys gbé sípánà sílẹ̀, ó dìde, ó lọ sí ibi tí akoto rẹ̀ ti ń gba eruku láti ọdún méjì, ó sì fi apá ẹ̀wù nù ún.

"Ó yá, gbé e jáde!" ló wí, ó sì pariwo rẹ̀ kí ó lè gbọ́.